Eyín Ímpláǹtì: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Bọ̀ Wálé sí Àkúrẹ́ Mọ̀ Kó Tó Sanwó

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, bọ̀dá mi tó ń gbé ní Manchester fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, mo ń bọ̀ wálé fún Kérésì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo máa lò. Jọ̀ọ́, bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń gbin eyín ní Àkúrẹ́, ibi tí owó rẹ̀ kò ní pa wá." Wọ́n ti yọ eyín ẹ̀yìn kan fún wọn láti ọdún méjì sẹ́yìn, nísàlẹ̀ lápá òsì. Láti ìgbà náà, apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń jẹun. Iye tí wọ́n dá lé eyín kan ṣoṣo fún wọn lọ́hùn-ún lé ní £2,000, bẹ́ẹ̀ ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, NHS, kì í sábà sanwó eyín gbígbìn yìí, tí wọ́n ń pè ní ímpláǹtì, fún ẹni tí àìsàn ńlá tàbí ìjàǹbá kò bá ba ẹnu rẹ̀ jẹ́.

Mo lọ sí ilé ìtọ́jú eyín mẹ́ta láàárín Alágbàká àti ojú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn. Iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sọ fún mi, èyí tó wọ́n jù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó dínwó jù. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹni kẹta fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni. Ìgbà tí mo padà lọ, tí mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá mi kọ ohun tó wà nínú iye náà sórí ìwé, ni mo tó rí i pé kì í ṣe ọjà kan náà ni wọ́n ń ná fún mi. Ọ̀kan ń sọ iye irin tó ń wọ inú egungun nìkan. Ìkejì ń sọ iye irin àti orí eyín. Ẹni tí mo fura sí ló ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: X-ray, oògùn, irin, orí eyín, àti àyẹ̀wò ọdún àkọ́kọ́. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìbéèrè kiri náà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, torí ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ló ní ẹni tó ń pè láti òkè òkun pẹ̀lú ìbéèrè yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ímpláǹtì kì í ṣe eyín, gbòǹgbò ni. Eyín tí Ọlọ́run dá mọ́ wa ní apá tí a ń rí, ó sì ní apá tó rì sínú egungun párì. Tí wọ́n bá yọ ọ́, méjèèjì ló lọ. Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń fi sínú ife omi lálẹ́, orí ẹran ìdí eyín ló jókòó sí, kò ní gbòǹgbò. Ímpláǹtì ní tirẹ̀ jẹ́ irin kékeré tó rí bíi síkúrù, tí gígùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 8 sí 13. Dókítà eyín á lu ihò sínú egungun, á sì yí síkúrù náà wọlé. Orí síkúrù yìí ni wọ́n máa ń de ọrùn kan mọ́, orí ọrùn náà ni wọ́n sì máa ń gbé orí eyín lé, èyí tí wọ́n ń pè ní kíráùnù. Gbòǹgbò, ọrùn, orí. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn, nítorí àárín wọn ni owó máa ń sá pamọ́ sí.

Kí ló dé tí egungun fi ń gba irin mọ́ra? Ará Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, ló bá ọ̀rọ̀ náà pàdé láìwá a. Lọ́dún 1952, níbi tó ti ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun ehoro, ó ki ohun èlò kékeré kan tí wọ́n fi titanium ṣe bọ egungun ẹsẹ̀ ẹranko náà. Nígbà tó fẹ́ yọ irin rẹ̀ padà, kò yọ. Egungun ti hù mọ́ ọn, ó ti dì í mú. Ó tó ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní 1965, kó tó fi ọgbọ́n yìí ṣe gbòǹgbò eyín fún ènìyàn àkọ́kọ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson. Larsson kú lọ́dún 2006, àwọn gbòǹgbò onírin náà sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú.

Ọ̀rọ̀ "hù mọ́ ọn" yìí ni gbogbo àlàyé mi rọ̀ mọ́. Kì í ṣe dókítà ló ń mú ímpláǹtì dúró, egungun aláìsàn ni, egungun kì í sì í kánjú. Ẹni tó bá ti kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí mọ̀ pé a kì í yọ pákó abẹ́ dẹ́kìn lọ́jọ́ tí a da kọnkéré. Ẹ lè ní owó, kí káfíńtà wà nílẹ̀, kí àlejò sì ti wà lójú ọ̀nà, kọnkéré á ṣì gba ọjọ́ tirẹ̀. Ní párì ìsàlẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni egungun máa ń fẹ́ kó tó gba orí eyín. Ní párì òkè, tí egungun rẹ̀ rọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó lè tó oṣù mẹ́fà. Tó bá jẹ́ pé egungun ti tán níbi tí eyín ti yọ, wọ́n lè ní láti kọ́kọ́ fi èròjà egungun kún un, kí wọ́n sì dúró oṣù mélòó kan sí i kí síkúrù tó wọlé rárá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pe bọ̀dá mi padà, mo ní, "Bọ̀dá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín kò lè gbé iṣẹ́ yìí dé òpin." Wọn ò gbà. Wọ́n ní àwọ́n rí i lórí Facebook pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe é ní Tọ́kì. Wọn ò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò pé. Lóòótọ́ ni wọ́n lè yí síkúrù wọlé kí wọ́n sì gbé eyín lé e lọ́jọ́ kan náà, pàápàá fún eyín iwájú, tàbí fún ẹni tí gbogbo eyín párì kan ti tán, tí wọ́n fi síkúrù mẹ́rin gbé odidi ìlà eyín dúró, ọ̀nà tí dókítà ará Portugal kan, Paulo Malo, sọ di mímọ̀. Ṣùgbọ́n eyín ọjọ́ kan yìí, eyín ìgbà díẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Oúnjẹ tó rọ̀ nìkan ni wọ́n á ní kó máa fi jẹ, á sì padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan gba eyín gidi. Ẹni tó ta ìrìn àjò kan fún yín láìsọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ṣì máa san owó bàlúù kejì.

Ní ti owó, ohun kan wà tó yẹ kó yé wa dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, eyín kan, láti gbòǹgbò dé orí, sábà máa ń gba $3,000 sí $5,000. Bí ó bá wá dínwó níbòmíràn, kí ló sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀? Kì í ṣe irin. Síkúrù tí ilé iṣẹ́ Straumann ṣe ní Switzerland, tàbí èyí tí Osstem ṣe ní Kòríà, owó dọ́là ni dókítà Àkúrẹ́ fi ń rà á, ó sì lè wọ́n fún un ju bó ṣe wọ́n fún ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, torí owó tó ń kó o wọlé. Ohun tó dínwó ní tiwa ni owó iṣẹ́ dókítà, owó ilé tó ń lò, owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí lè dín iye kù gan-an, kò sì sí àbòsí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò lè mú un sún mọ́ òfo. Tí ẹnì kan bá dá iye tó jọ pé kò lè ra síkúrù gan-an, nǹkan kan ti kúrò níbẹ̀: ó lè jẹ́ orí eyín, ó lè jẹ́ X-ray, ó sì lè jẹ́ pé irin tí kò ní orúkọ ni. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń ná an, ẹ má kàn béèrè pé "Èló ni?" Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: èló ni gbòǹgbò, èló ni ọrùn, èló ni orí, ta ló ń sanwó X-ray, ta ló ń sanwó tí ó bá jẹ́ pé a nílò àfikún egungun, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ tí egungun kò bá gba irin náà. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nínú ímpláǹtì 100, èyí tó lé ní 90 ló ṣì máa ń wà nípò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ìyẹn dára púpọ̀, àmọ́ ìyókù, ẹnu ènìyàn ló wà. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè náà.

Ọ̀rọ̀ Tọ́kì tún kù. Ọ̀pọ̀ eyín funfun báláú tí a ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń sọ pé Tọ́kì ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe ímpláǹtì rárá. Eyín tó ṣì dára ni wọ́n rẹ́ kéré títí ó fi dà bí èèkàn kékeré, tí wọ́n wá fi orí tuntun bò ó. Eyín tí a bá ti rẹ́ kì í hù padà láéláé. Orí tí a fi bò ó á gbó, a ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ títí ayé. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ léraléra nípa rẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀dọ́ ọmọ ọdún méjìlélógún tí eyín rẹ̀ pé máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sanwó irú èyí. Èmi ò sọ pé kò sí dókítà gidi ní Tọ́kì o. Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ iṣẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan, kí ẹni tó ń lọ sì mọ èyí tó ń lọ rà.

Ẹ tún wo àwọn tó ń jàǹfààní ìtọ́jú eyín nílẹ̀ òkèèrè jù. Àwọn ará Austria ń wakọ̀ wọ Húńgárì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ẹnubodè wọ Los Algodones ní Mẹ́síkò, ìlú kékeré kan tí dókítà eyín rẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kì í ṣe owó pọ́ọ́kú nìkan ló gbè wọ́n, ìtòsí ni. Tí eyín bá ń mì ní ọjọ́ Ajé, wọ́n á ti wà lọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Istanbul, tàbí tó ti Manchester wá sí Àkúrẹ́, kò ní àǹfààní yẹn, àfi kó wá ọ̀nà mìíràn fi dípò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun mí jù nìyí. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa ní Ìjàpọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Amẹ́ríkà, ọmọ wọn ṣe ímpláǹtì kan fún wọn níbẹ̀, ó sì dára. Lọ́dún kejì tí wọ́n ti padà dé, orí eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí mì. Nǹkan kan kò bàjẹ́. Síkúrù tíńtín tó de ọrùn mọ́ gbòǹgbò ló tú díẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà. Dókítà tí wọ́n lọ bá ní Àkúrẹ́ gbìyànjú, ó ní kọ́kọ́rọ́ tí òun ní kò bá a mu, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní irú ihò orí síkúrù tirẹ̀ àti ọrùn tirẹ̀. Ó béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìyá ò mọ̀. Ọmọ wọn náà ò mọ̀. Wọ́n kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú tó ṣe é, oṣù mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé. Ní gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn, Ìyá ń fi ahọ́n wá ibi tí wọ́n á gbé ẹran gbà lẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò ní ibi tí wọ́n ti ṣe ímpláǹtì fún yín láìgba ìwé rẹ̀. Síkúrù kọ̀ọ̀kan máa ń bá ìwé pélébé kan tó ṣeé lẹ̀ wá nínú páálí rẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́, irú síkúrù, bó ṣe nípọn tó, bó ṣe gùn tó, àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Tiyín ni. Ẹ gbà á pẹ̀lú X-ray tí wọ́n yà lẹ́yìn iṣẹ́. Tí wọ́n bá ní ìwé kankan kò sí, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa ibẹ̀ ti hàn nìyẹn.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é? Ní Nàìjíríà, àjọ MDCN ló ń forúkọ dókítà eyín sílẹ̀, ọdọọdún sì ni dókítà ń tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà. Àwọn tó ń fọ eyín àti àwọn tó ń mọ orí eyín ní yàrá iṣẹ́ ní àjọ tiwọn, iṣẹ́ wọn sì níyì, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló yẹ kó lu egungun. Ẹni tó ń fi rọ́bà tó ń gan lẹ eyín mọ́ eyín lójú ọjà, ẹ má jókòó sórí àga rẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí ilé ìtọ́jú aládàáni, àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó ní ẹ̀ka eyín kò jìnnà sí wa: ti Ifẹ̀, tí a ń gba Ìlẹ́ṣà lọ, UCH ní Ìbàdàn, àti ti Benin. Ní ìlú Oǹdó gan-an, UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, ń kọ́ àwọn dókítà eyín. Kódà tó bá jẹ́ ibòmíràn lẹ ti máa ṣe é, ẹ lè lọ gba ojú kejì ní irú ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

X-ray pẹlẹbẹ tó ń fi gbogbo párì hàn dára fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò sọ bí egungun ṣe fẹ̀ tó. Èyí tó ń fi gbogbo ìhà egungun hàn, irú síkáànù kan ni, òun ló ń jẹ́ kí dókítà mọ ibi tí ewu wà. Inú egungun párì ìsàlẹ̀ ni iṣan kan gbà kọjá lọ sí ètè. Tí síkúrù bá tẹ̀ ẹ́, ètè lè kú bí ẹni pé abẹ́rẹ́ kò tíì dá, nígbà mìíràn kì í sì í lọ mọ́. Lókè, ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ imú wà nítòsí eyín ẹ̀yìn. Ẹni tí wọ́n bá fi egungun kún ibẹ̀ fún kò gbọdọ̀ fọn imú kíkankíkan, kò sì gbọdọ̀ wọ bàlúù títí dókítà á fi ní ó yá. Tí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá ti wà nílẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ara ẹni náà ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń mu sìgá, àti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, egungun wọn kì í tètè di irin mú. Ẹni tí wọ́n ti fi iná ìtọ́jú jẹjẹrẹ sun apá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àwọn màmá wa tí dókítà òkè òkun fún ní oògùn pé kí egungun wọn má bàa máa tètè kán, kí wọ́n gbé páálí oògùn náà dání, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè má jẹ́ kí egungun párì jinná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọmọ tó ṣì ń dàgbà kò tíì tó o ṣe. Párì rẹ̀ á máa dàgbà, irin á sì dúró sójú kan.

Kì í sì í ṣe gbogbo àyè tó ṣófo lẹ́nu ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ímpláǹtì. Tó bá jẹ́ eyín tó kẹ́yìn pátápátá ni, tí ẹni náà sì ń jẹun dáadáa, ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ máa ń parí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ímpláǹtì. Bríìjì, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí kò ṣeé yọ, tí wọ́n máa ń gbé lé eyín tó wà lọ́tùn-ún àti lósì àyè náà, tètè máa ń parí, ṣùgbọ́n wọ́n á rẹ́ eyín méjèèjì yẹn kí wọ́n tó gbé e lé wọn. Tí eyín méjèèjì bá ti ní ihò tẹ́lẹ̀, ó bọ́gbọ́n mu. Tí wọ́n bá dá ṣáká, èmi ò ní gbà.

Lẹ́yìn tí eyín bá ti wà nípò, ìtọ́jú rẹ̀ kò le, àmọ́ kò ní ìsinmi. Kòkòrò lè jẹ egungun tó yí irin ká láìdunni, títí irin á fi máa mì. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn orín, ìyẹn pákò, lè máa rin ín, ṣùgbọ́n kó má fi gún ẹran ìdí eyín náà. Ohun mìíràn tí dókítà kan là yé mi, tó yà mí lẹ́nu: eyín tiwa ní okùn tín-ín-rín nídìí tó ń sọ fún ọpọlọ pé ohun tí a gé jẹ yìí le jù. Ímpláǹtì kò ní in. Èèyàn lè fi gbogbo agbára gé eegun jẹ kó má sì mọ̀, títí orí eyín á fi sán. Nítorí náà, ìdérí ìgò màlítì kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Bọ̀dá mi gbà níkẹyìn. Wọ́n ya X-ray pẹlẹbẹ ní Manchester kí wọ́n tó wá, wọ́n fi ránṣẹ́ sí dókítà tí a yàn, ẹni kẹta tí mo kọ́kọ́ fura sí yẹn. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé ni síkúrù wọlé, kí ọ̀sẹ̀ méjì ó lè kù tí dókítà á fi máa wo ojú egbò náà kí wọ́n tó padà lọ. Orí eyín di ọdún Àjíǹde, nígbà tí wọ́n máa tún wálé fún ìrántí bàbá wa. Kò sí wàhálà nínú pé kí síkúrù dúró ju oṣù mẹ́ta lọ. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ yìí: ìrìn àjò méjèèjì yẹn, wọn ì bá rìn ín bí eyín kò bá tiẹ̀ yọ. Ká ní torí eyín nìkan ni wọ́n fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, ǹ bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó sí Manchester kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí síkúrù wọlé, dókítà lẹ ìwé pélébé náà mọ́ káàdì kan, ó fi lé wọn lọ́wọ́. Bọ̀dá ya fọ́tò rẹ̀ sí orí WhatsApp ẹbí wa. Èmi tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi ẹ̀dà kan sínú àpótí Màámi, níbi tí ìwé ilẹ̀ wa wà.